Èékánná Sọ́jà

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé wọ́n gba sísọ́ọ̀sì mi. Ìkàrẹ́ ni ọkọ mi kú sí, wọ́n sì gbé e lọ sin ní Ọ̀kà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Wọ́n ní ilé bàbá rẹ̀ náà ni màá ti ṣe opó. Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kó aṣọ oníbàárà díẹ̀ tí mo lè máa fi ọwọ́ rán, kí n má baà ya wèrè síbẹ̀, mo sì gbé ológbò wa sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa fún un lóúnjẹ nínú ilé tí a tì pa.

Ìdí mi ò tíì kan ilẹ̀ dáadáa tí Alhájà Safinat, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, fi ti ọwọ́ bọ inú àpò mi. Ó yọ sísọ́ọ̀sì, ó yọ abẹ, ó yọ ọ̀bẹ kékeré tí mo fi ń bó ọsàn. Abẹ́rẹ́ nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi, ìyẹn náà, ó kọ́kọ́ wò ó títí. Ó ní irin tó ń gé nǹkan kò gbọdọ̀ wà lọ́dọ̀ opó. Opó kì í gé irun, ó ní, opó kì í gé èékánná, títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé.

"Yàrá tí o wà yìí ni ìyá wa ti ṣe opó," ló wí. "Kò gé èékánná kankan. Kò sì kú."

Ó ṣe mí bíi kí n bi í pé níbo wá ni ìyá náà wà báyìí. Mo gbé e mì. Télọ̀ tí kò ní sísọ́ọ̀sì, eyín ni mo fi ń já òwú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá náà ṣe rí kí ẹ lè mọ ohun tí mo ń sọ. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Irin wà lójú rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya wà lẹ́yìn irin. Láti ibẹ̀ mo ń rí àpáta tó wà lódìkejì, mo sì ń rí títì tó lọ sí Ìkàrẹ́. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, màá máa wo ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé mi, inú á sì máa bí mi sí gbogbo ẹni tó wà nínú wọn. Ìkàrẹ́ ò jìnnà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ti búra fún ara mi pé lọ́jọ́ tí opó bá parí, bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó bá kọjá ni màá wọ̀, Ọ̀kà ò sì ní rí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi mọ́.

Èmi àti Alhájà nìkan la wà nínú ilé ńlá náà. Àgbàlagbà obìnrin tó ga, tó gbẹ, tí kì í rẹ́rìn-ín ni. Nínú ooru tó ń mú wa yìí, ìbọ̀sẹ̀ dúdú kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, sálúbàtà ọkùnrin tó fẹ̀ ló sì ń wọ̀ lé e. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ tó bá ń rìn, nítorí náà mo máa ń gbọ́ ọ kó tó dé. Ìyàwó wa ló ń pè mí. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ kí n má ṣe, "ìyàwó wa" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹnì kẹta wa ni ológbò yẹn, Sọ́jà. Àgbàdo ni Gàníyù ọkọ mi ń tà ní Ìkàrẹ́. Nígbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo, Al-Ameen, ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn eku fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo àpò tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tán, ọkọ mi bá gbé ọmọ ológbò kan wálé láti ọjà. Ó dúró ti àpò àgbàdo wọ̀nyẹn bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ológun, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Al-Ameen ti wá di òṣìṣẹ́ ní Àbújá báyìí, ẹ lè mọ iye ọjọ́ orí Sọ́jà nìyẹn. Eyín rẹ̀ ti ń yọ. Kì í gun igi mọ́, kì í ha ara igi mọ́, oorun àti oòrùn nìkan ló kù tó fẹ́ràn. Ológbò tó bá ti dà báyìí, èékánná rẹ̀ kì í jẹ fúnra rẹ̀ mọ́. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa gé e.

Gàníyù ló ń gé e, láràárọ̀ Jímọ̀. Gbogbo Mùsùlùmí mọ̀ pé ọjọ́ Jímọ̀ ló dáa kéèyàn gé èékánná. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á fi nélì kọ́tà gé tirẹ̀, lẹ́yìn náà á pe Sọ́jà. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà wo ni ológbò gba ẹ̀sìn. Á gbé Sọ́jà lé itan, á fi táwẹ́ẹ̀lì wé e kó má lè jà, á wá fi àtàǹpàkò rọra tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí inú ẹsẹ̀ ni ológbò ń kó èékánná pamọ́ sí. Tí ó bá yọ, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ibi tó pọ́n nínú èékánná yẹn, ẹran ààyè ni, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣóńṣó funfun tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni Gàníyù ń gé. Ó ní ẹni tó bá gé e kan pupa lẹ́ẹ̀kan, ológbò náà ò ní fún un lẹ́sẹ̀ mọ́ láyé.

Èyí tó ń bẹ̀rù jù ni èékánná àtàǹpàkò, tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ìyẹn kì í kan ilẹ̀ rárá. Tí wọn ò bá gé e, kò ní dúró, á máa ká bọ̀ bí ìwọ̀ ẹja títí á fi gún ẹran tó wà lábẹ́ ara rẹ̀. "Ìyà tí ò lẹ́nu ni," Gàníyù máa ń wí. "Ara rẹ̀ ló máa ń fi jẹ ara rẹ̀."

Tó bá ti gé e tán, á wẹ̀, á wọ jalámíà, á nu nélì kọ́tà yẹn, á jù ú sí àpò àyà, ó di Ọ̀kà. Mọ́ṣáláṣí kún Ìkàrẹ́ o. Ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni ọkọ mi ti ń kírun Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dé. Mo bi í títí. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ké kéwú. Ṣé mo wá gbà? Lọ́jọ́ kan mo bá a jà, mo ní kó kúkú mú ìyàwó rẹ̀ ti Ọ̀kà wá kí n rí i, kí n mọ ohun tó fi jù mí lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tó kú, mo wá nélì kọ́tà náà nínú gbogbo aṣọ rẹ̀. Mi ò rí i.

Opó kò tíì dé ìdajì tí mo ti rí i pé èékánná àtàǹpàkò Sọ́jà ti ń ká. Tí ó bá ń rìn lórí símẹ́ǹtì, màá gbọ́ àwọn yòókù tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Mo tọ Alhájà lọ. Mo kúnlẹ̀ pàápàá. Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi wá nélì kọ́tà, kì í ṣe fún mi, fún ológbò ni.

"Ológbò ta ni?" ló bi mí.

"Ti ọkọ mi."

"Inú yàrá wo ló ń sùn?"

"Inú yàrá tí mo wà."

"Òun náà ń ṣe opó nìyẹn," ló wí, ó sì ń fẹ́ tíì rẹ̀ lọ.

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni. Alhájà Safinat kì í ṣe àwàdà.

Mo rò pé Alfa Abdulqoyum á gbà mí sílẹ̀. Òun ló ń wá gbàdúrà fún wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló sì ń dúró sí, aṣọ ẹnu ọ̀nà á wà láàárín wa. Nígbà tó ṣe àdúrà tán, mo bi í láti ẹ̀yìn aṣọ, sókè ketekete kí Alhájà lè gbọ́, pé ṣé èèwọ̀ ni kí opó gé èékánná.

"Ìyá Al-Ameen," Alfa wí, "ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ní kí opó fi sílẹ̀, àti lọ́fínńdà, àti làálì, kó má sì máa jáde láìnídìí. Ti èékánná kò sí níbẹ̀. Súnnà ni kéèyàn máa gé e."

"Ti ológbò ńkọ́?"

Alfa ní, "Ti ológbò, èmi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí."

"A dúpẹ́, Alfa," Alhájà wí, ó sì sìn ín jáde. Ó padà wá, ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó wò mí. "Alfa ń sọ ti ìwé," ló wí. "Èmi ń sọ ti ilé yìí."

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí mi ò kàn dìde kí n jáde. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, kí n jáde lọ síbo? Kí gbogbo Ọ̀kà rí mi nínú aṣọ opó lẹ́bàá títì tí mo gbé ológbò dání, kí wọ́n ní ọkọ mi ò tíì jẹrà tán, ẹsẹ̀ ẹranko ni mo ń bá kiri? Alhájà ò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi rí. Kò nílò àtitì í. Ẹnu àwọn èèyàn ti bá a tì í.

Mo pe Al-Ameen lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣe sùúrù fún Bìgì Mọ́mì. Ológbò ni o." Bìgì Mọ́mì ló ń pe Alhájà. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí.

Bridget wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi kan. Télọ̀ bíi tèmi ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi ní Ìkàrẹ́, láti ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti gba Ọ̀kà wá pẹ̀lú búrẹ́dì ńlá kan. Alhájà fa àga, ó jókòó sáàárín wa. Ìgbà yẹn, ṣóńṣó èékánná yẹn ti kan ẹran. Sọ́jà ti ń tiro, ó ń lá ẹsẹ̀ náà láìdákẹ́. Bridget gbé e, ó wò ó, ó yí imú.

"Ẹ jẹ́ kí n fi í sínú báàgì mi," ló wí fún Alhájà. "Dókítà ẹran kan wà nítòsí ọ̀dọ̀ wa. Kò ní pẹ́ tó máa gé e. Màá gbé e padà wá."

"Ohun tó bá bá opó wọlé, òun àti opó ló ń jáde."

"Ìyá, ó ń rùn."

"Bó bá ń rùn, ẹ ti kí i tó nìyẹn," Alhájà wí, ó sì dìde láti sìn ín. Àṣálẹ́ ni Bridget pè mí tó sọ pé Alhájà bẹ òun lẹ́nu ọ̀nà kí òun má wá mọ́ títí opó á fi parí. Ó ní ó bẹ òun dáadáa o, ó tiẹ̀ fún òun ní iṣu.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sọ́jà, àwa méjèèjì ń wo títì. Mo bínú, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí mọ́. Mo bínú sí Gàníyù pàápàá. Ta ló ní kó lọ? Ọkùnrin tó mọ̀ pé òun nìkan lòun mọ ẹsẹ̀ ológbò mú, ó yẹ kó kọ́ ẹlòmíì kó tó lọ.

Mo gbìyànjú láti fi símẹ́ǹtì etí fèrèsé rin èékánná náà. Ó ń dùn ún, kò gbà. Mo gbìyànjú eyín. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá wà nínú àhámọ́ á dán gbogbo nǹkan wò. Sọ́jà fún mi ní ìgbátí, ó sá lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀bẹ ilé ìdáná wà, mo mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í gé èékánná ológbò, ńṣe ló máa là á sí méjì.

Ọjọ́ kan ni mo wá gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì lójú títì. Ẹ mọ àwọn àbókí tó ń gé èékánná kiri, tí wọ́n ń pa ẹnu sísọ́ọ̀sì pọ̀ káṣá káṣá kí èèyàn lè mọ̀ pé wọ́n ń kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, mo gbàgbé pé mo wà nínú ìbànújẹ́. Mo rọra pè é. Ó wá sẹ́bàá fèrèsé, ó rò pé èmi ni mo fẹ́ gé. Mo gbé ẹsẹ̀ Sọ́jà sókè.

"Màmá, ológbò?" ló wí. "Èmi èèyàn nìkan."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni, pé màá bá a di ẹsẹ̀ náà mú. Ó ronú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ọwọ́ gba ibi tí nẹ́ẹ̀tì ti ya. Ẹnu sísọ́ọ̀sì náà ti là. Mo ti fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ Sọ́jà bí Gàníyù ṣe máa ń ṣe.

"Ta ló ń na ọwọ́ sí opó?"

Alhájà ti gba ẹ̀yìn ilé yọ, mi ò sì gbọ́ wíwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àbókí yẹn ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, káfíńtà ti kan nẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ fèrèsé mi, nẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó nípọn, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òòlù ń dún, mo dojú kọ ògiri. Mi ò sunkún látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ mi tó bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ohun tó ṣe mí ju pé wọ́n dí ihò kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, Sọ́jà kọ oúnjẹ. Mo fún un ní ẹja, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí orí. Èékánná náà ti wọlé pátápátá, ẹsẹ̀ ti wú, mo sì mọ̀ pé tí mi ò bá rí nǹkan ṣe, èmi náà ni màá tún sin ín. Òun sì ni ohun tó kù nílẹ̀ ayé tó mọ ohùn Gàníyù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, Alhájà wà lórí ẹní ìkírun nínú yàrá tirẹ̀. Sọ́jà ṣáà fẹ́ lọ sí oòrùn etí fèrèsé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó fi agbára káká gun ibẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, èékánná tó tẹ̀ yẹn há sínú nẹ́ẹ̀tì tuntun, ara rẹ̀ já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a bọ̀. Ó so rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ò gbọ́ igbe ológbò bẹ́ẹ̀ rí. Bíi ti ọmọ tuntun ni.

Mo gbá a mú, ó ya mí lọ́wọ́, ó ya mí láyà. Mo ń fi ọwọ́ kan gbé e sókè, mo ń fi èkejì fa nẹ́ẹ̀tì ya, mo sì ń pe Alhájà. Mo gbọ́ tó ń sáré bọ̀. Mi ò mọ̀ pé ó lè sáré. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó fẹsẹ̀ kọ, ó dún gbì, ó sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ya. Sọ́jà bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Alhájà ò dìde. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó di ojú. Ìgbà náà ni mo rí i pé iwájú ìbọ̀sẹ̀ dúdú náà ti tutù, ohun tó sì tutù náà ń kan símẹ́ǹtì, ó pọ́n.

Mo gbé Sọ́jà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wá di ẹsẹ̀ náà mú.

"Fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Mo ní o fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, Memunat."

Kò pe orúkọ mi rí. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ náà yọ.

Èékánná rẹ̀ ti nípọn, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó gùn kọjá ìka, ó sì ti ń ká. Ti àtàǹpàkò ti wọ inú ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ wú, ó sì ń ṣọyún. Òórùn tó ń rùn nínú yàrá mi láti ọjọ́ yìí, tí mo rò pé ti Sọ́jà nìkan ni, ti àwọn méjèèjì ni.

"Ta ló ń gé e fún yín tẹ́lẹ̀?" mo bi í.

Ó wo ògiri. "Ìbàdí mi ò jẹ́ kí n lè tẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́."

"Alhájà, ta ló ń gé e?"

"Gàníyù ni," ló wí. "Bó bá ti kírun Jímọ̀ tán. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí."

Mo jókòó sílẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ wọ̀nyẹn. Gbogbo ìjà tí mo bá ọkùnrin yẹn jà. Ìyàwó Ọ̀kà tí mo ti ń bú nínú ọkàn mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi? Kí ló dé tí ẹ ò pe àbókí yẹn, dípò kí ẹ máa lé e?"

"Lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá gé e," ló wí, "ọjọ́ náà ló máa dá mi lójú pé kò ní wá mọ́. Tí mo bá rí i tí o gé ti ológbò náà, ìyẹn náà á ti parí. Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ya wèrè jù, Memunat. Mo máa ń jókòó máa retí ọ̀kadà."

"Ti ìyá yín tí kò gé èékánná ńkọ́?"

"Kò gé e lóòótọ́," ló wí. "Àmọ́ ìyá wa ò ní ológbò."

Ó wá fa etí ìró rẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú kókó kan tó ta síbẹ̀. Nélì kọ́tà Gàníyù ló jábọ́ látinú rẹ̀, òun gan-an, èyí tí mo wá títí. Ó ní nínú àpò jalámíà rẹ̀ ni òun ti rí i lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, òun ò sì tíì já a sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí mo ti ń wá kiri, mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó so ó mọ́ra lójoojúmọ́. Ó yẹ kí inú bí mi. Mo wá ìbínú náà, mi ò rí i.

"Ológbò ni kó o kọ́kọ́ gé," ló wí. "Òun ló ń ké."

Ó fi hìjáàbù ara rẹ̀ wé Sọ́jà, ó gbé e lé itan níbi tó jókòó sí. Mo gbé ẹsẹ̀ náà sí ìmọ́lẹ̀. Mo sọ bísímílà. Mo wá ibi tó pọ́n, mo fi í sílẹ̀, mo gé èékánná náà níwájú rẹ̀. Ó dún kẹ́. Mo wá fi orí abẹ́rẹ́ mi rọra fa ṣóńṣó tó wà nínú ẹran jáde. Ọyún tẹ̀ lé e. Sọ́jà pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Mo fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ ẹ́, mo gé àwọn yòókù. Ó lá ẹsẹ̀ náà, ó na ara, ó wo abọ́ ẹja tó wà ní kọ̀rọ̀, ó tiro lọ síbẹ̀, ó jẹun.

Mo yí sí Alhájà. Kò sọ pé rárá mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú omi oníyọ̀ míì kí èékánná rẹ̀ lè rọ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí wẹ̀ kúrò, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé itan mi, mo nù ún, mo sì rí i dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìka kejì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ìka kékeré tẹ̀ wọnú, bí ẹni tó fẹ́ sá pamọ́ sábẹ́ èkejì rẹ̀. Ẹsẹ̀ Gàníyù ni. Ẹsẹ̀ tí mo ti mọ̀ nínú òkùnkùn, tó máa ń tutù títí á fi gbóná lára mi ní àsìkò òtútù. Mo ti rò pé mi ò ní fojú kàn án mọ́ láyé.

Mo gbé nélì kọ́tà náà sílẹ̀. Mo sunkún sórí ẹsẹ̀ yẹn, mi ò sì pa á mọ́.

"Má jẹ́ kó kan ẹran," Alhájà wí jẹ́jẹ́. "Òun náà kì í jẹ́ kó kan ẹran."

Mo nu ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀. Ó le, mo ń gé e díẹ̀díẹ̀, mo ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀ bíi ti Sọ́jà. Nẹ́ẹ̀tì tó ya ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, èrò kún inú rẹ̀, mo gbọ́ tí kọ̀ndọ́ ń ké.

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" Alhájà bi mí.

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Ṣebí opó ni mí."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ ohun tó jẹ́.

"Tí opó bá wá parí?" ló wí.

Bọ́ọ̀sì náà ti lọ tán, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo fẹ́ èérún èékánná kúrò lórí aṣọ opó mi. Mo gbé ẹsẹ̀ tí mo ti gé tán sílẹ̀ lórí ẹní.

"Alhájà," mo wí, "ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì wá."